Ẹ́ńsáìmù inú ibi ọmọ àti ti kókó oyún: bẹ́ ẹ ṣe máa kùn ún, bẹ́ ẹ ṣe máa kà á tí ò fi ní tàn yín jẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní láàbù páthọ́lọ́jì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe máásítà tàbí PhD lórí ibi ọmọ, ẹ wá ká jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń wo ẹ́ńsáìmù nínú ibi ọmọ tó dáa àti nínú àwọn àìsàn tó ń ti ara oyún yọ ni mo fẹ́ kọ síbí, ìyẹn oyún móòlù (oyún tí ibi ọmọ ẹ̀ dàgbà ségesège), choriocarcinoma (jẹjẹrẹ tó ti ara sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ yọ), àtàwọn kókó méjì tó ṣọ̀wọ́n tí wọ́n ń pè ní PSTT (placental site trophoblastic tumour) àti ETT (epithelioid trophoblastic tumour). Màá sì tètè sọ èyí tó ká mi lára jù: tẹ́ ẹ bá wá bá mi pé ẹ́ńsáìmù báyìí pọ̀ tàbí ó kéré, nǹkan tí màá kọ́kọ́ bi yín ni pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni oyún yẹn, inú sẹ́ẹ̀lì wo lẹ sì ti rí i. Tẹ́ ẹ ò bá lè dáhùn méjèèjì, nọ́ńbà tẹ́ ẹ kó wá yẹn ò wúlò, ẹ má bínú o.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Ibi ọmọ kún fún àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní villi, ẹ̀jẹ̀ ìyá ló yí wọn ká. Tẹ́ ẹ bá gbé villi kan sábẹ́ máíkróskóòpù, awọ tó bò ó níta ni syncytiotrophoblast, àwa ń pè é ní syncytio ní láàbù, ọ̀pọ̀ núkílíọ́ọ̀sì ló ń gbé pọ̀ nínú ẹ̀ láìsí ògiri kankan láàárín wọn. Abẹ́ ẹ̀ ni cytotrophoblast wà, tí àwa ń pè ní cyto, àwọn yẹn ló ń pín, tó bá yá wọ́n á dàpọ̀ mọ́ tòkè. Ẹgbẹ́ kẹta làwọn tó jáde kúrò nínú villi pátápátá, tí wọ́n wọ ògiri ilé ọmọ lọ láti lọ tún òpó ẹ̀jẹ̀ ìyá ṣe kó lè fẹ̀, àwọn kan ń pè wọ́n ní extravillous, àwọn páthọ́lọ́jíìsì sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pè é ní intermediate. Àwọn mẹ́ta yìí ò ní ẹ́ńsáìmù kan náà rárá. Syncytio ló ni aromatase tó ń sọ họ́mọ̀nù akọ di ti abo, òun ló ni steroid sulfatase tó ń yọ sulfate kúrò lára họ́mọ̀nù, òun ló ni PLAP, ìyẹn alkaline phosphatase ti ibi ọmọ, òun náà ló ni 11β-HSD2 tó ń sọ cortisol ìyá di cortisone kó má bàa pọ̀ jù lára ọmọ. Lọ́dọ̀ àwọn extravillous, MMP-2 àti MMP-9 lẹ máa bá, torí wọ́n ní láti gé kọ́lájìn kí wọ́n tó ráàyè kọjá.

Kókó tó bá wá yọ máa ń jọ sẹ́ẹ̀lì tó ti wá. Choriocarcinoma máa ń ní cyto àti syncytio tó lọ́ mọ́ra wọn, villi kankan ò sí ńbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ara tó ti kú ló máa ń kún àárín. PSTT wá láti ara intermediate ojú ibi tí ibi ọmọ ti lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, ETT wá láti ara irú èyí tó wà ní awọ tó yí ọmọ ká. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá mú choriocarcinoma kan tẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, tẹ́ ẹ fi wé ibi ọmọ tẹ́ ẹ lọ̀, tẹ́ ẹ wá rí i pé aromatase lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe jíìnì yẹn, syncytio ló kàn kéré nínú ẹran tẹ́ ẹ mú. Èyí ń ṣẹlẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kéèyàn kun sláìdì ná kó tó lọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí lẹ fẹ́ mọ̀ gan-an? Ṣé jíìnì yẹn ló ń ṣiṣẹ́, àbí purotéènì ẹ̀ ló wà níbẹ̀, àbí ẹ́ńsáìmù fúnra ẹ̀ ń ṣe ohun tó yẹ kó ṣe? qPCR, tó ń ka RNA jíìnì náà, ló ń dáhùn àkọ́kọ́, áńtíbọ́dì (purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó) lórí sláìdì tàbí lórí purotéènì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú gẹ́ẹ̀lì, ìyẹn Western, ló ń dáhùn ìkejì, ìkẹta ń fẹ́ kẹ́ ẹ fún ẹ́ńsáìmù ní nǹkan tó máa jẹ, kẹ́ ẹ dúró wo bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í fìgbà gbogbo bára mu. Ẹ wo móòlù pípé bí àpẹẹrẹ, estriol, ọ̀kan lára họ́mọ̀nù abo, máa ń kéré nínú ẹ̀, ẹni tí ò bá ronú á ní aromatase ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi ọmọ ò lè dá estriol ṣe, DHEAS (họ́mọ̀nù tó ní sulfate lára) tó ti ara adrenal ọmọ, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ẹ̀, wá tí ẹ̀dọ̀ ọmọ tún ti fọwọ́ kàn ló fi ń ṣe é, nínú móòlù pípé kò sì sọ́mọ. Ẹ́ńsáìmù lè wà níbẹ̀ digbí kó má rí nǹkan fi ṣiṣẹ́. Ìdàkejì rẹ̀ náà wà: ẹni tí jíìnì steroid sulfatase ẹ̀ ti bọ́ sọnù, ìyẹn àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n máa ń bí tí awọ wọn á wá máa hó bí ìpẹ́ nítorí orí krómósómù X ni jíìnì náà wà, estriol ìyá wọn náà á kéré, ọmọ sì wà láàyè, adrenal ẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Èsì kan náà, ìdí méjì tí ò jọra.

Ọ̀rọ̀ sáńpù wá kàn. Kí ìyọ̀ǹda ìyá àti ìwé ìgbìmọ̀ ethics ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wọ gílọ́ọ̀fù, ẹ̀jẹ̀ tútù ni, ẹ ṣe é bíi pé HIV àti hepatitis B wà nínú ẹ̀. Látìgbà tí ibi ọmọ bá ti jáde ni RNA inú ẹ̀ ti ń bàjẹ́, ẹ gbìyànjú kó má kọjá ìdajì wákàtí kó tó wọ náítírójìn olómi tàbí RNAlater, omi tó ń dáàbò bo RNA, kẹ́ ẹ sì kọ àkókò sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí tí ẹgbẹ́ kan bá dúró nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èkejì dúró fún wákàtí mẹ́ta, ìyàtọ̀ àkókò lẹ máa kà tẹ́ ẹ máa pè é ní ìyàtọ̀ àìsàn. Ẹ má mú láti ojú kan ṣoṣo o, ẹ mú láàárín, ẹ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ mú sí méjì lára ibi tó wà láàárín àwọn yẹn, ẹ yẹra fún ibi tó ti le tó ti funfun torí ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ gé ojú tó lẹ̀ mọ́ ìyá àti awọ tó kọjú sọ́mọ kúrò kó lè jẹ́ villi nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi iyọ̀ tútù fọ̀ ọ́ títí omi ọ̀hún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní catalase àti carbonic anhydrase tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì pọ̀, tẹ́ ẹ bá ń wá irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ ò fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ ń wọ̀n.

Ẹ kọ bí wọ́n ṣe bí ọmọ náà pẹ̀lú. Ìrọbí máa ń yí ọ̀pọ̀ jíìnì padà, ibi ọmọ ẹni tó rọbí mọ́jú àti ti ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kó tó rọbí rárá ò ṣe é kó sínú ẹgbẹ́ kan náà láìsọ. Ẹ bèèrè sìgá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà, CYP1A1, ẹ́ńsáìmù tó ń tú kẹ́míkà inú èéfín, inú ibi ọmọ ẹni tó ń mu sìgá máa ń fò sókè gan-an, PLAP inú ẹ̀jẹ̀ amusìgá náà sì lè ga láìsí oyún níbì kankan, ẹ̀dọ̀fóró ló ń tú u sílẹ̀.

Ti móòlù yàtọ̀ díẹ̀ torí fífà ni wọ́n ń fà á jáde, gbogbo ẹ̀ á ti dàpọ̀ mọ́ dídì ẹ̀jẹ̀ àti decidua ìyá, ìyẹn awọ inú ilé ọmọ nígbà oyún. Ẹ dà á sínú àwo omi iyọ̀, àwọn villi á tú ká nínú omi, ẹ̀ẹ́ rí wọn bí wọ́n ṣe ń mì, ẹ fi fọ́séèpù ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má retí àwọn kóro omi wúruwùru tó wà nínú àwòrán ìwé o, skáànù ti ń tètè rí móòlù báyìí, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń fà jáde kí villi tó wú, ẹ lè fojú lásán wò ó kẹ́ ẹ rò pé oyún tó bàjẹ́ lásán ni. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kùn, ẹ gé e kó má nípọn ju mílímítà 5 lọ, ẹ fi sínú fọ́málììnì 10% tó ní bọ́fà, kí fọ́málììnì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran, wákàtí 24 sí 48, ó tán.

Ó wá kan ọ̀sẹ̀ oyún, ibí ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀. Ibi ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 àti ti ọ̀sẹ̀ 39, orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́. PLAP kéré gan-an níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń gòkè títí dìgbà ìbímọ, nígbà tí hCG, họ́mọ̀nù tí wọ́n fi ń mọ̀ pé oyún wà, ní tiẹ̀ ga jù lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ 8 sí 11 tó sì wá ń wálẹ̀. Ibi ọmọ tó pé oṣù ló rọrùn jù láti rí torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bímọ, móòlù sì rèé, inú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń yọ ọ́. Ẹni tó bá mú móòlù ọ̀sẹ̀ 10 tó fi wé ibi ọmọ ọ̀sẹ̀ 39, tó wá kọ ọ́ pé PLAP lọ sílẹ̀ nínú móòlù, kò tíì sọ nǹkan kan nípa móòlù, ọjọ́ orí ibi ọmọ ló sọ. Oyún tó dáa tí wọ́n fopin sí ní ọ̀sẹ̀ kan náà lẹ máa fi wé e, tàbí oyún tó bàjẹ́ tẹ́ ò bá rí ìyẹn, kó má ju ọ̀sẹ̀ kan síra wọn. Àmọ́ oyún tó bàjẹ́ ní wàhálà tiẹ̀, ọlẹ̀ lè ti kú sínú fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó mọ̀, villi á ti máa gbẹ, òpó ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ á ti máa dí, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo sláìdì tí wọ́n fi H&E, àwọ̀ gbogbogbòò, kùn dáadáa kẹ́ ẹ tó gbà á sínú ẹgbẹ́ kọ́ńtírólù yín.

Fún kíkọ́ṣẹ́, PLAP ni màá ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin ni ẹbí alkaline phosphatase lára èèyàn: ti ibi ọmọ, ti ìfun, ti germ cell (sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹyin tàbí àtọ̀), àti èyí tó wà káàkiri, egungun, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín. Èyí tó fi PLAP hàn ni pé ooru kì í tètè pa á. Ẹ lọ ẹran yín nínú bọ́fà Tris tó ní Triton díẹ̀ torí ara awọ sẹ́ẹ̀lì ni ẹ́ńsáìmù náà so mọ́, ẹ yí i ní sẹ́ńtírífújì, ẹ mú omi òkè, ẹ pín in sí méjì. Ìdajì lórí yìnyín, ìdajì nínú omi gbígbóná dígírì 65 fún ìṣẹ́jú 30, kẹ́ ẹ sì ti tẹmọ́mítà bọ omi yẹn fúnra yín, ohun tí ojú ẹ̀rọ kọ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì tutù padà, ẹ wá fún wọn ní p-nitrophenyl phosphate ní pH tó sún mọ́ 10 pẹ̀lú magnesium díẹ̀. Omi tí ò láwọ̀ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di yẹ́lò lójú yín, ẹ kà á ní 405 nánómítà. Tó bá jẹ́ ibi ọmọ tó pé oṣù, ìgò tó wọ iná àti èyí tó wà lórí yìnyín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n dọ́gba. Tó bá jẹ́ ti egungun tàbí ẹ̀dọ̀, èyí tó wọ iná á kàn máa wò yín ni, kò ní yí padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo SEAP nínú iṣẹ́ jíìnì, PLAP tí wọ́n gé ìdí ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ìlànà tiẹ̀ náà fi ní kẹ́ ẹ se é ní 65 kẹ́ ẹ tó kà á.

Ibi tó ti máa ń dà rú ni bọ́fà. Ẹnìkan á gbé PBS torí òun ló wà lórí tábìlì, phosphate inú PBS á sì dí ẹ́ńsáìmù yìí lọ́wọ́, torí òun náà ni ẹ́ńsáìmù ọ̀hún máa ń tú sílẹ̀ níparí iṣẹ́ ẹ̀. Ẹlòmíì á gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò EDTA, EDTA á fa zinc kúrò níbi tó yẹ kó wà, ẹ́ńsáìmù ti tán nìyẹn, tí yóò sì máa rò pé aláìsàn ni ò ní PLAP. Ẹ gbà á sínú ìgò tí kò ní nǹkan kan, sírọ́ọ̀mù lẹ fẹ́. Ohun míì ni pé ti germ cell náà kì í bẹ̀rù ooru, ó sì jọ PLAP débi pé ọ̀pọ̀ áńtíbọ́dì ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. L-phenylalanine máa ń dá àwọn méjèèjì dúró, L-leucine ló máa ń ká ti germ cell lọ́wọ́ kò ju PLAP lọ, homoarginine sì ń dá èyí tó wà káàkiri dúró. Tẹ́ ẹ bá fi àwọn mẹ́ta yìí dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ooru, ó ṣòro kí wọ́n tàn yín.

Tó bá kan sláìdì, ẹ mọ ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀, máíkrómítà 4, ẹ yọ ìda kúrò, ẹ se é nínú citrate pH 6 tàbí EDTA pH 9, kẹ́ ẹ dán méjèèjì wò fún áńtíbọ́dì tuntun nítorí ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ìwé ẹ̀, orí ẹran tiwọn ni wọ́n ti dán an wò. Nǹkan mẹ́ta wà tó jẹ́ ti ibi ọmọ ní pàtó tí kì í sí nínú àwọn ìlànà gbogbogbòò. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀: ibi ọmọ kún fún sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n sì ní agbára peroxidase, DAB, àwọ̀ tí peroxidase máa ń mú jáde, á kàn máa pọ́n lórí wọn bíi pé áńtíbọ́dì yín ló ṣe é. Hydrogen peroxide 3% fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó bá ṣì pọ́n lórí sláìdì tí ẹ ò fi áńtíbọ́dì sí, ẹ tún un ṣe. Ìkejì ló máa ń pa èmi lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan á ní kóun má bàa ní wàhálà peroxidase, òun á lo alkaline phosphatase láti fi mú àwọ̀ jáde, á sì fi levamisole, kẹ́míkà tó ń dá alkaline phosphatase inú ẹran dúró, sí i bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Levamisole kì í fi bẹ́ẹ̀ ran PLAP! Lórí ẹran tí wọ́n dì nínú yìnyín tí wọn ò fi ìda sí, gbogbo syncytio á pọ́n lọ rẹrẹ, áńtíbọ́dì wà, áńtíbọ́dì ò sí. Ti ìda dáa díẹ̀ torí fọ́málììnì àti sísè ti pa púpọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ frozen ni, ẹ lo peroxidase. Ìkẹta ni biotin, sẹ́ẹ̀lì ẹṣẹ́ ilé ọmọ nígbà oyún lè kó biotin sínú núkílíọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ bá ń lo avidin, tó máa ń lẹ̀ mọ́ biotin, láti fi mú àwọ̀ jáde, á mú un. Ẹ lo polymer, ẹ gbàgbé avidin.

Kọ́ńtírólù ò le. Ibi ọmọ tó pé oṣù fún PLAP àti aromatase, kíndìnrín fún 11β-HSD2. Ẹ máa ní sláìdì kan tí ẹ ò fi áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ sí fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹyọ kan fún gbogbo wọn.

Kíkà wá. Ẹ má kà á pọ̀. Ẹ ka syncytio lọ́tọ̀, cyto lọ́tọ̀, intermediate lọ́tọ̀, decidua lọ́tọ̀. H-score ló wọ́pọ̀: bí àwọ̀ ṣe le tó láti 0 dé 3, ẹ fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, tó ga jù ni 300. Kí èèyàn méjì kà á láìmọ èyí tó jẹ́ móòlù. Ẹ yọwọ́ kúrò níbi tó ti kú, ní pàtàkì nínú choriocarcinoma, torí etí ara tó ti kú máa ń mu áńtíbọ́dì èyíkéyìí, ẹ̀ẹ́ kàn rí i kó pọ́n dẹ̀ẹ̀ láìsí ojú sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Ẹ lọ síbi tí núkílíọ́ọ̀sì ti mọ́.

Kí lẹ máa rí nínú àìsàn wọ̀nyí? Látìgbà ìwádìí tó jáde ní 1987 ni wọ́n ti mọ̀ pé móòlù pípé máa ń fún hCG ní àwọ̀ tó le, PLAP ẹ̀ á kàn hàn níbi díẹ̀ díẹ̀, nígbà tí móòlù tí ò pé ń fi PLAP hàn káàkiri tí hCG ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le. Choriocarcinoma, hCG le nínú syncytio, PLAP níbi mélòó kan. Èèyàn lè máa fi ìyẹn kọ́ ojú, àmọ́ kò sí páthọ́lọ́jíìsì tó ṣì ń fi PLAP ya móòlù méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí, p57 ni. p57 fúnra ẹ̀ kì í ṣe ẹ́ńsáìmù, bíréèkì lórí àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń ti sẹ́ẹ̀lì láti pín ló jẹ́, àwọn cyclin-dependent kinase. Jíìnì ẹ̀ tó wá láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ti bàbá dákẹ́, móòlù pípé sì rèé, ti bàbá ni gbogbo krómósómù ẹ̀, nítorí náà núkílíọ́ọ̀sì cyto àti ti àárín villi á funfun gbòò. Móòlù tí ò pé ní ìdì krómósómù mẹ́ta, ọ̀kan jẹ́ ti ìyá, nítorí náà p57 á hàn, bó ṣe ń hàn nínú oyún tó bàjẹ́ lásán náà, kò ní ya àwọn méjì yẹn sọ́tọ̀ fún yín, genotyping, ìyẹn yíyẹ DNA wò, ló máa ṣe ìyẹn. Kẹ́ ẹ tó sọ pé p57 ò sí, ẹ wo decidua àti intermediate lórí sláìdì kan náà. Tí àwọn yẹn náà bá funfun, sláìdì ló bàjẹ́.

Fún PSTT àti ETT, ìbéèrè tó máa ń wà ni pé ṣé ti ara oyún ni àbí jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ló ń díbọ́n. Ẹ́ńsáìmù tó dáa níbẹ̀ ni HSD3B1, èyí tí ibi ọmọ fi ń ṣe progesterone, ọ̀pọ̀ kókó oyún ló máa ń mú un, jẹjẹrẹ àwọn ibòmíràn kì í sábà mú un. Ẹ sáà ṣọ́ra, arákùnrin ẹ̀ HSD3B2 wà nínú adrenal àti ilé ẹyin obìnrin, wọ́n jọra gan-an, ẹ bèèrè áńtíbọ́dì tó mọ ìyàtọ̀. CD10 tí gbogbo èèyàn ń kùn lójoojúmọ́ náà, ẹ́ńsáìmù ni o, neprilysin ni, ó máa ń hàn nínú àwọn intermediate àmọ́ ó tún máa ń hàn nínú ara ilé ọmọ, nítorí náà òun nìkan ò tó ẹ̀rí.

MMP ní tiẹ̀ ń fẹ́ zymography, ìyẹn wíwo bí ẹ́ńsáìmù ṣe ń jẹun nínú gẹ́ẹ̀lì. Wọ́n máa ń fi gelatin sínú gẹ́ẹ̀lì, ẹ má se sáńpù, ẹ má fi DTT tàbí mercaptoethanol sí i, ẹ sáré gẹ́ẹ̀lì nínú òtútù, ẹ fi Triton 2.5% fọ SDS (ọṣẹ inú gẹ́ẹ̀lì) kúrò, ẹ fi sínú bọ́fà tó ní calcium ní dígírì 37 mọ́jú, ẹ fi Coomassie rẹ ẹ́. Gbogbo gẹ́ẹ̀lì á dúdú bí aró, ibi tí ẹ́ńsáìmù ti jẹ gelatin á funfun: 92 kDa ni MMP-9 tí ò tíì jí, ìyẹn tí ò tíì lè ṣiṣẹ́, 72 kDa ni MMP-2 tí ò tíì jí, àwọn tó ti jí wà nísàlẹ̀ wọn díẹ̀. SDS ló mú kí èyí tí ò tíì jí náà lè jẹun lórí gẹ́ẹ̀lì, nínú ara kì í jẹ, nítorí náà ẹ má kó àwọn ìlà méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ pè é ní iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù. Ẹ gé gẹ́ẹ̀lì kan sọ́tọ̀ tẹ́ ẹ máa fi EDTA sí, tí ìlà funfun bá ṣì yọ níbẹ̀, kì í ṣe MMP.

Ẹni tí ò rí ẹran gidi á sá lọ sọ́dọ̀ sẹ́ẹ̀lì inú ìgò. BeWo, tí Pattillo àti Gey gbé jáde ní 1968, àti JEG-3, JAr, choriocarcinoma ni gbogbo wọn. BeWo dáa torí tẹ́ ẹ bá fún un ní forskolin, cAMP á gòkè, àwọn sẹ́ẹ̀lì á dàpọ̀ bíi syncytio, ẹ lè wo bí ẹ́ńsáìmù ṣe ń yí padà bó ṣe ń dàpọ̀. Ẹ kàn má pè é ní ibi ọmọ. Fífi BeWo ṣe kọ́ńtírólù tó dáa fún choriocarcinoma, mi ò mọ ohun tí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi wé kí ni.

Ó ku ẹ́ńsáìmù kan tí ẹ ò ní kùn, òun ló sì gba ẹ̀mí àwọn èèyàn là jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: dihydrofolate reductase, DHFR. Methotrexate dí i, sẹ́ẹ̀lì ò wá rí folate tó máa fi ṣe thymidine, DNA ò ṣe é kọ mọ́, choriocarcinoma sì ń pín kíá kíá, nítorí náà ó máa ń jìyà ẹ̀ gan-an. Ní 1956 ni Min Chiu Li àti Roy Hertz ní NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, kéde bí methotrexate ṣe ṣiṣẹ́ lára àwọn obìnrin tí àìsàn yìí ti tàn ká ara wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé kò sí oògùn fún un. Folinic acid tí wọ́n máa ń fún aláìsàn lẹ́yìn methotrexate, ìdí ẹ̀ ni pé kò nílò DHFR, ó ti kọjá ibi tí methotrexate ti dí ọ̀nà, ara tó dáa á rí nǹkan lò. Àmọ́ tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ kun DHFR kó lè mọ oògùn tó máa fún aláìsàn, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. hCG inú ẹ̀jẹ̀ àti máàkì FIGO (ti ẹgbẹ́ àwọn dókítà obìnrin àgbáyé, tó ń sọ bí àìsàn náà ṣe léwu tó) ló ń pinnu ẹ̀, 0 sí 6 oògùn kan, 7 sókè oògùn púpọ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà wọn kì í tiẹ̀ dúró de ẹran kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, tí kókó bá sì ti yọ sójú ara obìnrin, kí ẹnikẹ́ni má gé e nítorí sáńpù yín, ẹ̀jẹ̀ tó máa tú jáde lè má ṣeé dá dúró.